Kápẹ́ńtà ń bèèrè pákó rẹ̀ lábẹ́ dẹ́kìn tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Òkèṣà

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí à ń kọ́ ní Iléṣà níbí, Sátidé tó kọjá la da dẹ́kìn rẹ̀, ìyẹn kọnkéré tó máa di ilẹ̀ òkè. Bíríkìlà ní ó ti gbẹ. Ó gun orí rẹ̀ lójú mi, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, kò sì mì. Kápẹ́ńtà náà ti dé, ó ní òun fẹ́ yọ pákó àti ọparun òun lọ́la, pé iṣẹ́ mìíràn ń dúró de òun lọ́nà Ifẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ò sí nílé, Port Harcourt ló ti ń ṣiṣẹ́. Orí fóònù ló ti ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí oṣù kan gbáko yóò fi pé.

Èyí tó tún ń já mi láyà ni pé àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń yọ lójú dẹ́kìn náà, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i jù. Bíríkìlà ní kí n má dààmú, òun á bu símẹ́ǹtì gbígbẹ wọ́n ọn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ta ni kí n tẹ̀lé? Ọjọ́ mélòó gan-an ni kọnkéré fi ń le?

BàbáBíríkìlà_Ìmọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ayọ̀ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ 7 ti tó láti yọ pákó tí yàrá ò bá fẹ̀. Oòrùn ni í mú kọnkéré gbẹ, oòrùn sì ń mú dáadáa báyìí. Ìgbà òjò la máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ 14. Ọkọ yín ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ, kó má bínú sí mi o.

ỌmọObòkun

Kápẹ́ńtà yìí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. Òṣómàáló! Ó ti lóṣòó sábẹ́ dẹ́kìn tí yóò fi gba pákó rẹ̀.

Ẹnjiníà_Lágéré

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ ta kò yín níbì kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń bàjẹ́. Omi ló ń mú kọnkéré le. Símẹ́ǹtì àti omi ń jọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ń di nǹkan tuntun tó ń so yanrìn àti òkúta pọ̀. Ooru tí ẹ máa ń gbọ́ lára kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, iṣẹ́ yẹn ló ń mú un wá. Tí omi inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ kí iṣẹ́ náà tó tẹ̀ síwájú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Òde rẹ̀ á funfun, á máa dún kó-kó-kó bí ẹ bá kàn án, àmọ́ inú rẹ̀ ò tíì dé ibi tó ń lọ. Wọ́n ń da kọnkéré sísàlẹ̀ odò fún òpó afárá, ó sì ń le níbẹ̀ láìfojú kan oòrùn.

Ní ti iye ọjọ́: símẹ́ǹtì tí a bá pò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan láàrin wákàtí bíi mélòó kan, kì í sì í ju nǹkan bí wákàtí 10 lọ kó tó dì. Dídì yẹn ni bíríkìlà yín fi ẹsẹ̀ jan. Agbára rẹ̀ ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Tí a bá ń bomi rin ín dáadáa, lọ́jọ́ 7 ó ti ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí a ṣírò fún un. Ọjọ́ 28 la máa ń kà sí ọjọ́ pípé rẹ̀. Ní iṣẹ́ ńlá, wọ́n á bu díẹ̀ nínú kọnkéré ọjọ́ náà sínú àpótí irin kéékèèké tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ 7, wọ́n á fọ́ ìyókù lọ́jọ́ 28, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó pé. Lẹ́yìn ìgbà náà ó ṣì ń le sí i, àmọ́ ẹ̀sọ̀ ló fi ń ṣe é.

Wàyí o, pákó. Etí dẹ́kìn, ẹ̀gbẹ́ òpó àti ẹ̀gbẹ́ bíìmù (kọnkéré gígùn tó dábùú tó ń gbé dẹ́kìn), ọjọ́ kan sí méjì ti tó, nítorí pákó ibẹ̀ ò gbé ẹrù. Abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìwé ìlànà kan wà tó gbà pé kí ọparun abẹ́ dẹ́kìn dúró fún ọjọ́ 7 ó kéré tán tí yàrá ò bá fẹ̀ ju mítà 4.5 lọ, kó sì di ọjọ́ 14 tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Abẹ́ bíìmù, ọjọ́ 14. Tó bá gùn ju mítà 6 lọ, ọjọ́ 21. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ 7 tí Bàbá sọ kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Àmọ́ kọnkéré tí wọ́n wọn gbogbo ohun èlò rẹ̀ ní ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń rin lójoojúmọ́, ni ìwé yẹn ń sọ. Tiwa tí a ń fi páànù bù, tí omi rẹ̀ sì sábà máa ń pọ̀ jù, èmi kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21. Tí ọkọ yín bá ní 28, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ẹ ń bomi rin ín?

ÌyáÌbejì_Òkèṣà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Wọ́n rin ín ní Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rin ín mọ́. Kànga ti lọ sílẹ̀, omi táńkà sì wọ́n. Bíríkìlà ní kò pọn dandan, pé ó ti gbẹ.

Ẹnjiníà_Lágéré

Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ló yẹ kó fi wà nínú omi, àgàgà nínú ọyẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lónìí. Ohun tó ti sọnù ò lè padà tán, àmọ́ símẹ́ǹtì tí kò tíì ríṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀ á tún máa ṣiṣẹ́ bó bá rí omi.

Àwọn ìlà yẹn, ọyẹ́ ló fà á. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ fa omi ojú rẹ̀ kíákíá nígbà tí kò tíì le, ojú náà wá sún kì. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Símẹ́ǹtì gbígbẹ tí wọ́n bá wọ́n ọn kò ní í wọ inú rẹ̀, á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, kí ẹ má baà rí i mọ́. Ẹ rọ omi sórí rẹ̀ kó dúró. Tí omi bá kán sábẹ́, tàbí tí ìlà kan bá ń fẹ̀ sí i, ẹ pe ẹni tó ṣírò irin ilé náà kó wá wò ó lójúkojú. Kò sí ẹni tó lè fi fóònù wo ìyẹn fún yín.

Ayaba_Modákẹ́kẹ́

Ọ̀rọ̀ omi, àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ ní kí wọ́n fi yanrìn ṣe ebè kékeré yí etí dẹ́kìn ká, kí wọ́n wá rọ omi sáàrin rẹ̀. Omi yẹn kì í tètè lọ bíi ti èyí tí wọ́n ń fi korobá wọ́n. Tàbí kí ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tútù sí i. Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì náà dára, ó máa ń mu omi dúró. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọyẹ́ ni ọ̀rá fífẹ̀: ẹ rin dẹ́kìn dáadáa, ẹ bò ó, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Lábẹ́ ọ̀rá, omi ò ráyè sá.

Mo tún gbọ́ pé tí wọ́n bá bu iyọ̀ tàbí ṣúgà sí kọnkéré, ó máa ń tètè le. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹnjiníà_Lágéré

Ṣúgà kẹ̀? Ìdàkejì rẹ̀ ló ń ṣe! Ṣúgà díẹ̀ báyìí ń dá símẹ́ǹtì dúró, kò ní í jẹ́ kó dì lásìkò. Iyọ̀ lè mú un yá díẹ̀, àmọ́ yóò máa jẹ irin inú rẹ̀ ní ìpata. Ẹ má fi ohunkóhun sí dẹ́kìn tí irin wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ò bá fọwọ́ sí i.

Kápẹ́ńtà_Sábó

Gbogbo yín ń kọ 21, ẹ ń kọ 28. Ta ló ń san owó pákó? Pákó ni ọjà wa. Tó bá dúró sábẹ́ ilé ẹnì kan fún oṣù kan gbáko, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe lóṣù yẹn, ọparun á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nígbà tí onílé bá ń ná wa, kò ní í dárúkọ ọjọ́ kankan. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó ẹrù wa ló ń rántí pé ẹnjiníà wà láyé.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá a sọ ọ́ dáadáa. Kó yọ etí rẹ̀ lọ, ìyẹn ò ní wàhálà. Ní ti abẹ́, èmi máa ń yọ pákó, n ó wá fi ọparun díẹ̀díẹ̀ tì í padà. Báyìí, ẹrù mi á kúrò, dẹ́kìn á sì ní ohun tó dì í mú.

Ẹnjiníà_Lágéré

Ọ̀gá mi, ẹ̀tọ́ yín ni owó yín, mi ò jiyàn. Kí onílé kọ iye ọjọ́ sínú àdéhùn kó sì sanwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ títì padà yẹn ni mi ò fẹ́. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá yọ ọparun kúrò, dẹ́kìn ti gbé ara rẹ̀. Tí kò bá lágbára tó, ó ti là nìyẹn, ọparun tí ẹ bá kì bọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà ò lè dí i. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí kápẹ́ńtà ti tò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́nà tí ọ̀wọ́ pákó kan á fi wà láàrin pẹ̀lú ọparun tirẹ̀, tí a ò ní í fọwọ́ kàn án nígbà tí a bá ń yọ ìyókù. Ẹ̀yin kápẹ́ńtà ló mọ bí ẹ ó ṣe tò ó.

Tó bá sì di ọjọ́ yíyọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láàrin yàrá, kí ẹ máa bọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bákónì tó yọrí síta ní tirẹ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀ níta ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sílé. Bákónì ló yẹ kó kẹ́yìn pátápátá.

Kápẹ́ńtà_Sábó

Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí, mo gbà á. Ọmọṣẹ́ tó bá fi ìdí bákónì bẹ̀rẹ̀, kó má pe ara rẹ̀ ní ọmọ tèmi.

BàbáBíríkìlà_Ìmọ̀

Ẹnjiníà, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ohun tó ń wó ilé ju pákó yíyọ lọ. Símẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi sí i ńkọ́? Àwọn kan á ra èyí tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 torí ó dínwó, wọ́n á fi da dẹ́kìn.

Ẹnjiníà_Lágéré

Bàbá, ẹnu yín ò ní í kan o. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti là á sílẹ̀: 32.5 fún rírẹ́ ara ògiri, 42.5 fún òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún wo omi. Kọnkéré dẹ́kìn tó bá ṣàn bí ọbẹ̀ ewédú ti pàdánù agbára kó tó dénú pákó. Èyí tó bá sì ti ń gan nínú páànù, kí wọ́n má tún da omi lé e lórí láti sọ ọ́ jí.

Tíṣà_Àtijọ́_Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Mo mọ ibi tí Bàbá Bíríkìlà ti mú ọ̀rọ̀ oòrùn wá. Ilé alámọ̀ ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé Ifẹ̀ níbí, ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri. Tí wọ́n bá mọ ọ̀kan tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú gbé ìpele kejì lé èyí tó ṣì tutù, ògiri á yọ ikùn síta. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, òtítọ́ sì ni pé oòrùn ló ń mú un le, torí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju kí omi jáde lọ. Tí òjò bá tún rí i láìbò, ó padà di ẹrẹ̀. Símẹ́ǹtì ò lè padà di ẹrẹ̀ láé.

Èyí tó tún yàtọ̀ sí méjèèjì ni àpáàdì. Ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́, tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo tó jẹ́ obìnrin ló pàṣẹ rẹ̀, ó ti ju 600 ọdún lọ, àwọn kan ṣì wà níbi tí wọ́n ti hú wọn jáde. Iná ló mú àpáàdì le ní tirẹ̀. Òjò ò rí i gbé ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rú. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó ń le la ń sọ: mo fi sùpá gúlù lẹ korobá ìwẹ̀ mi, kò mú. Mo fi lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ó mú, nígbà tí mo rìn dé kíláàsì ó ti ṣí. Ẹsẹ̀ àga onígi mi náà ti yọ. Gọ́ọ̀mù wo ni kí n rà, wákàtí mélòó sì ni kí n dúró?

Ṣúmékà_Ẹ̀nuwá

Àbúrò, gọ́ọ̀mù mẹ́ta nìwọ nílò, o fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe gbogbo rẹ̀.

Sùpá gúlù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì. Ìdí nìyí tí kì í fi í yára nínú ọyẹ́ bíi ti ìgbà òjò. Èémí ẹnu díẹ̀ lórí ibẹ̀ ti tó láti jí i. Ẹ̀kán kan ni kí o fi sí i, kí ojú méjèèjì fara kanra pẹ́kípẹ́kí. Tó bá pọ̀, kò ní í mú dáadáa, á sì máa funfun yí etí ká. Ó ń mú ní ìṣẹ́jú àáyá, àmọ́ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó lò ó. Kì í tẹ̀, gíláàsì ló dà bí ó bá le tán, nítorí náà bàtà tó ń tẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀ kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Bàtà, gọ́ọ̀mù pupa tí àwa ṣúmékà ń lò ni. Fọ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́, fi sáńpépà họ ọ́. Kun ojú méjèèjì ní fẹ́lẹ́. Fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí tí o bá fọwọ́ kàn án tí kò lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn kì í ní sùúrù fún èyí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, omi inú gọ́ọ̀mù ò wá ríbi gbà jáde. Tí o bá ti gbé wọn pàdé, o ò lè sún un mọ́, torí náà wò ó dáadáa kí o tó ṣe é. Lẹ́yìn náà fi òòlù lù ú káàkiri. Agbára tí o fi tẹ̀ ẹ́ ló ṣe pàtàkì níbí, ju bí o ṣe di í mú pẹ́ tó.

Korobá, gbàgbé gọ́ọ̀mù. Ike yẹn kì í gba gọ́ọ̀mù kankan. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irin gbígbóná yọ́ ọ pọ̀.

Kápẹ́ńtà_Sábó

Ẹsẹ̀ àga, gọ́ọ̀mù funfun ti kápẹ́ńtà ni. Ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀ pátápátá. Igi ló máa fa omi inú gọ́ọ̀mù náà mu kó tó le, torí náà igi tó ti ní fáníìṣì lójú kò lè mú un. Fi okùn dè é pinpin fún wákàtí kan, má sì jókòó lé e kó tó pé wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ ló ń jókòó lé e lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ní gọ́ọ̀mù ayédèrú ni.

ỌmọObòkun

Fọ́ọ̀-mínìtì, gọ́ọ̀mù onítọ́ọ̀bù méjì yẹn, ńkọ́? Èmi kì í lo ohun mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó parí.

Ṣúmékà_Ẹ̀nuwá

Kò parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìgbà tí kò ní í ṣeé tún ṣe mọ́, kì í ṣe ìgbà tí yóò gbé ẹrù. Fi í sílẹ̀ mọ́jú. Kò sì ń retí afẹ́fẹ́ tàbí omi. Ìkejì rẹ̀ tó wà nínú tọ́ọ̀bù kejì ló ń mú un le, nítorí náà bí o bá po ọ̀kan ju èkejì lọ, á máa rọ̀ títí ayé. Ọgbọọgba ni wọ́n sábà máa ń ní kí a pò ó, ka ara páálí rẹ̀.

Táìlà_Pàràkín

Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dé orí tàìlì, àmọ́ ẹ fi èyí pamọ́. Kí wọ́n má lẹ tàìlì mọ́ kọnkéré tuntun kó tó pé ọjọ́ 28, torí ó ṣì ń sún kì, tàìlì lè bẹ́ dìde. Gọ́ọ̀mù tàìlì tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀, kí ó má ju ibi tí wọ́n lè lẹ̀ láàrin 20 ìṣẹ́jú lọ. Tí ẹ bá fi ìka kàn án tí kò mọ́ ọn, awọ ti bò ó lójú, kí wọ́n ha á kúrò. Wákàtí 24 kí wọ́n tó dí àárín tàìlì, ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó gbé firíìjì wọlé.

BàbáBíríkìlà_Ìmọ̀

Símẹ́ǹtì àti yanrìn la fi lẹ tàìlì ilé mi, ó ṣì wà níbẹ̀.

Táìlà_Pàràkín

Bàbá, tàìlì ìgbà yẹn máa ń mu omi, símẹ́ǹtì ń ráyè wọ ara rẹ̀. Àwọn pọ́sílénì dídán tó wọ́pọ̀ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má mu omi rárá. Símẹ́ǹtì lásán kì í mú wọn, ẹ kàn án lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó gbọ́ òfìfo lábẹ́ rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Òkèṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo pe kápẹ́ńtà, a ti fohùn ṣọ̀kan: ó kó pákó etí lọ lónìí, a sì fi owó díẹ̀ lé tirẹ̀ kí abẹ́ lè dúró títí ọjọ́ 21 yóò fi pé. Bàbá ìbejì ṣì ń sọ 28, ìyẹn dọwọ́ èmi àti òun. Ebè yanrìn ti yí dẹ́kìn ká, omi wà lórí rẹ̀, mo sì ti wo abẹ́, kò kán. Bíríkìlà ń bínú díẹ̀. Ó ní tí a ò bá yọ pákó, kí a jẹ́ kí òun kúkú bẹ̀rẹ̀ ògiri òkè.

Ẹnjiníà_Lágéré

Ẹ kú oríire. Àmọ́ ẹ dá a dúró ná. Níwọ̀n ìgbà tí kò rí omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó to nǹkan kan lé e. Nígbà tí wọ́n bá sì máa gbé búlọ́ọ̀kù gòkè, kí wọ́n má kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan láàrin yàrá. Ìwọ̀n ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù kan kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n pín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ògiri ìsàlẹ̀ wà. Ẹ tún bi oníbúlọ́ọ̀kù bóyá ó ń rin tirẹ̀ lómi. Búlọ́ọ̀kù àná tí wọ́n gbé tà lónìí, ọwọ́ lásán lè fọ́ ọ.

ÌyáÌbejì_Òkèṣà

Yéè! Àárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù ń bọ̀, bíríkìlà sì ti ní orí dẹ́kìn ni wọ́n máa já a sí. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n pe dẹ́rẹ́bà.